Òwú Búlúù Lẹ́yìn Ọrùn

Ìgbà kẹta tó lọ béèrè owó rẹ̀ ni ẹ̀rù tó wá bà á gan-an.

Ìgbà àkọ́kọ́, ó rò pé òun ló gbàgbé. Ìgbà kejì, ó ní àárẹ̀ ni. Ní ìgbà kẹta yìí, ó kọ ohun tó fẹ́ sọ sínú bébà kékeré kan, ó ká a, ó há a sí àtẹ́lẹwọ́ òsì: owó oṣù mẹ́rin, owó ìsinmi ọdún mẹ́fà, mi ò ní kúrò níbí títí ẹ ó fi san án. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ló wọ ilé alágbàfọ̀ náà. Nígbà tó tún mọ ara rẹ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ti lù, ó ń rìn lọ sílé, ẹsẹ̀ ń ro ó, apá ọ̀tún ń ro ó, òórùn ọṣẹ àti aṣọ gbígbóná sì wà lára rẹ̀. Aṣọ ló ti ń lọ̀ látàárọ̀. Bébà náà ṣì wà lọ́wọ́ òsì. Gbogbo ohun tó kọ síbẹ̀ ti parẹ́, àfi gbólóhùn kan tí kò rántí pé òun kọ: Ẹ ṣé o, ọ̀gá. Ìkọ̀wé rẹ̀ sì ni.

Búlúù ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ yẹn. Wọn kì í pe òṣìṣẹ́ lórúkọ níbẹ̀, àwọ̀ òwú ni wọ́n fi ń pè wọ́n. Alọṣọ kọ̀ọ̀kan ló ní òwú tirẹ̀. Tó bá lọ aṣọ kan tán, á ta kókó òwú kékeré sínú kọ́là, lẹ́yìn ọrùn, kí wọ́n lè mọ ẹni tí wọ́n máa yọ owó rẹ̀ tí aṣọ bá jóná. Òwú yẹn kì í kúrò níbẹ̀ títí oníbàárà á fi wá sanwó. Ẹni tó wà nídìí káńtà á gba owó, á fi àlùmọ́gàjí gé òwú, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Aṣọ tí òwú bá ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ilé alágbàfọ̀ ló ni ín.

Ọdún mẹ́fà ni obìnrin yìí fi dúró nídìí tábìlì kejì, kò sì gba ìsinmi rí. Ìwé tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ sọ pé ọjọ́ mọ́kànlélógún ni ìsinmi rẹ̀ lọ́dún, tí kò bá ráyè lọ, kí wọ́n san owó rẹ̀. Tó bá ti dárúkọ rẹ̀, Ọ̀gá Funfun, ẹni tó ni ilé alágbàfọ̀ náà, á rẹ́rìn-ín músẹ́. "Fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi," ni ọ̀gá máa ń wí, "á máa pọ̀ sí i." Nígbà tí ọ̀gá wá jẹ ẹ́ lówó oṣù mẹ́rin léra léra, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá ò bínú rárá. Ó ní kó bọ́ búláòsì ọrùn rẹ̀ wá, kí àwọn bá a fọ̀ ọ́, kí àwọn bá a lọ̀ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kó lè jáde níbẹ̀ bí ọmọ ènìyàn. Gbogbo ẹni tó bá kúrò níbẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Búlúù kúnlẹ̀ dúpẹ́. Ta ni kò ní dúpẹ́.

*

Ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí òwú náà, ìyá tí kò ríran.

Aránṣọ ni ìyá yìí nígbà tójú ṣì wà. Ojú òsì ti lọ pátápátá, ti ọ̀tún náà ń tẹ̀lé e. Ilé ìwòsàn ojú ti fún wọn ní ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, Sátidé tó ń bọ̀. Owó gbọ́dọ̀ pé lọ́jọ́ Fúráìdè kó tó di aago mẹ́rin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á fi àyè náà fún ẹlòmíràn, ó sì di oṣù mẹ́jọ kí ó tó tún kàn wọ́n. Dókítà sọ ọ́ láìfi bò pé ojú yẹn ò ní dúró de oṣù mẹ́jọ. Owó tí Ọ̀gá Funfun jẹ Búlúù á tó o, á sì ṣẹ́kù díẹ̀. Kò sí ibòmíràn tí owó ti lè wá.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìgbà kẹta yẹn, bó ṣe kúnlẹ̀ láti kí ìyá rẹ̀, ìyá na ọwọ́ sí i lọ́rùn kó fà á mọ́ra. Ọwọ́ dúró síbẹ̀.

"Ta ló ta kókó sí ẹ ní kọ́là?"

"Kókó kí ni, Màámi?"

"Òwú ni. Ó le bí òkúta."

Ìyá tọ́ ọ wò títí, ó sì fi àlùmọ́gàjí gé e. Búlúù wò ó, àwọ̀ tirẹ̀ gan-an ni. Wọ́n jù ú sínú iná. Kò rùn bí òwú tó ń jóná, bí irun orí ènìyàn ló ń rùn, ìyá sì fi gèlè bo imú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀wù mìíràn ni Búlúù wọ̀, ẹ̀wù tí kò dé ilé alágbàfọ̀ rí, tí òun fúnra rẹ̀ fọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ìyá tún fọwọ́ wá ọrùn rẹ̀. Òwú wà níbẹ̀.

*

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, akọ̀wé ọ́fíìsì ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ tí Búlúù ti kọ̀wé ẹ̀sùn sí pe òun àti Ọ̀gá Funfun. Obìnrin tó wọ awò ojú ni akọ̀wé yìí, kò sì jọ ẹni tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn jẹ. Ó ti ka ìwé ìgbanisíṣẹ́, ó ti ṣírò owó ìsinmi náà. Ọgọ́fà ọjọ́ ó lé mẹ́fà ló bá níbẹ̀. Ọ̀gá Funfun jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì tábìlì nínú aṣọ funfun báláú, ojú rẹ̀ ń dán bíi ti ọmọ ọgbọ̀n ọdún, bẹ́ẹ̀ ó ti lé ní ọgọ́ta.

"Màdámù, ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́," akọ̀wé wí. "Èló ni wọ́n jẹ yín?"

Búlúù mọ ohun tó fẹ́ sọ. Ó wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó la ẹnu, ó sì gbọ́ ohùn ara rẹ̀ tó ń wí pé, "Ọ̀gá mi ò jẹ mí ní kọ́bọ̀. Bàbá ni wọ́n jẹ́ fún mi. Èmi gan-an ni mo jẹ wọ́n níṣẹ́." Ẹnu rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, omijé sì ń ṣàn lójú rẹ̀.

Akọ̀wé yọ awò ojú. "Ṣé wọ́n halẹ̀ mọ́ yín ni?"

"Rárá o, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn."

Kí ni obìnrin yẹn lè ṣe? Ó pa fáìlì dé. Lẹ́nu ọ̀nà, Ọ̀gá Funfun bẹ̀rẹ̀ sí etí Búlúù. "Mò ń retí ẹ lọ́la," ó rọra wí. "Aṣọ ti pọ̀."

Nígbà tó délé, ìyá wá kọ́là rẹ̀ títí, kò bá òwú kankan. Inú wọn fẹ́ dùn. Ọwọ́ ìyá wá gòkè díẹ̀, ó dé ẹ̀yìn ọrùn, ó sì tẹ nǹkan kan níbẹ̀.

"Ọmọ mi," ó wí, "kò sí lára aṣọ mọ́."

Abẹ́ awọ ni kókó náà wà, ó le, ó sì rí róbótó bí èso ata.

*

Lọ́jọ́ Túsìdé, iyọ̀ ló fẹ́ lọ rà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yà kúrò lójú ọ̀nà ìsọ̀ oníyọ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé e dé iwájú ilé alágbàfọ̀. Bàbá àgbàlagbà kan ń bọ̀ láti òdìkejì, ó tẹ̀, ó ń wọ́ ẹsẹ̀. Yẹ́lò ni, alọṣọ tábìlì kìíní. Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni wọ́n ṣe ìdágbére fún Yẹ́lò pé ó ti fẹ̀yìntì, wọ́n fún un ní aago ògiri, wọ́n pàtẹ́wọ́. Nígbà tó padà wá lọ́sẹ̀ kejì, gbogbo wọn rò pé ọ̀gá tún gbà á ni.

"Bàbá, ṣé ẹ ò ti fẹ̀yìntì?" Búlúù bi í. Kò tíì ronú láti béèrè bẹ́ẹ̀ rí.

"Mo ti fẹ̀yìntì," Yẹ́lò dáhùn. "Owó mi ni mo wá gbà. Òní ni wọ́n ní kí n wá. Mo ti sọ fún ìyàwó mi pé mi ò ní pẹ́."

Ó kọjá wọlé. Búlúù rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀. Kókó tirẹ̀ ti wọlé jinnà, irun funfun ti hù bò ó. Búlúù fẹ́ sá, ó sì rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tó ń gun àtẹ̀gùn.

Aago mẹ́fà ló tún mọ ara rẹ̀. Ní Wẹ́sìdé náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Kò ra iyọ̀.

*

Òwúrọ̀ Tọ́sìdé, ìyá so gèlè mọ́ ọwọ́ ọmọ rẹ̀, ó so etí kejì mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Bí ẹsẹ̀ ẹ bá máa yà, á fà mí lọ pẹ̀lú." Báyìí ni wọ́n ṣe dé ilé obìnrin kan tí ìyá ti ránṣọ fún rí. Ìyá Olódó ni àdúgbò ń pè é. Yàrá rẹ̀ wà lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn tó ń lẹ táyà, odó mẹ́ta ló sì wà níbẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúdú ju èkejì lọ.

Ìyá Olódó wo ẹ̀yìn ọrùn Búlúù. Ó gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló jókòó.

"Mo mọ oògùn yìí," ó wí. "Èmi ni mo gún un."

Ìyá Búlúù dìde, ó fẹ́ fa ọmọ rẹ̀ jáde.

"Ẹ jókòó, ẹ̀gbọ́n. Mi ò mọ ẹni tí wọ́n ń gún un fún. Ọdún mọ́kànlá ni mo fi gún oògùn fún Bàbá Onígò, tó ń kó gbogbo ẹ̀ sígò lọ tà. Ọjọ́ tí mo béèrè owó mi, ó ní kí n máa lọ. Oògùn tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn pọ̀. Kò ní ẹyọ kan tó ń jẹ́ kí òun alára sanwó."

Búlúù ní kí Ìyá Olódó jọ̀ọ́, kó bá òun gé e. Ìyá Olódó mi orí. Kókó alọṣọ ni, kò sì sí ohun tó ń gé e ju kí wọ́n san owó. Owó oṣù nìkan kò tó. Tí ọjọ́ ìsinmi kan péré bá ṣẹ́kù, á tún hù.

"Ta ló ń lọ aṣọ ọ̀gá yín?" ó béèrè.

"Tábìlì kìíní àti ìkejì ló ń lọ aṣọ funfun. Èmi ni, àti Bàbá Yẹ́lò."

"Ṣé ẹ máa ń ta kókó sí tiẹ̀ náà?"

"Gbogbo aṣọ ni, mà. Òun ló ṣòfin ẹ̀. Tá ò bá ta á, ó máa yọ owó wa."

"Ta ló wá ń gé tiẹ̀?"

Búlúù ṣí ẹnu láti dáhùn, ó sì pa á dé. Ó ronú. "Kò sẹ́ni tó ń gé e, mà. Ẹni tó bá sanwó ni wọ́n ń gé tiẹ̀. Ọ̀gá kì í sanwó."

Ìyá Olódó gbé ọmọ odó sílẹ̀ jẹ́ẹ́. "Ọdún mẹ́fà," ó wí, "tó ti ń gbé òwú ẹ kọ́rùn kiri."

Ó po nǹkan dúdú kan pọ̀ nínú àwo. Ó ní orí Búlúù máa gbàgbé gbogbo ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, kò sí ohun tí àwọn lè ṣe sí ìyẹn. Ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn gbójú lé, ọwọ́ kì í gbàgbé iṣẹ́. Tí ìka tó ní oògùn yìí bá kan òwú rẹ̀ lára aṣọ ọ̀gá, ìrántí á dé. Ó fẹ́ fi kan ìka Búlúù, ó sì dá ọwọ́ dúró. "Onígò á ní kí wọ́n fọ ọwọ́ yín," ó wí. "Mo mọ ìwà ẹ̀. Ibi tó bá ti gbóòórùn odó mi, omi ló ń fi lé e."

Omi ń hó lórí iná. Búlúù tí ọkàn rẹ̀ ti rìn jìnnà fi ìka kan ahọ́n, ó fi ìka náà kan ìdérí ìkòkò, ó sì ta ṣíì.

"Kí lo ṣe yẹn?" Ìyá Olódó béèrè.

"Ẹ má bínú, mà. Ìṣe wa ni. Bọ́tìnì àwọn áyọ́ọ̀nù ibẹ̀ ti kú tipẹ́, itọ́ la fi ń mọ bó ṣe gbóná tó."

Ìyá Olódó wò ó títí, ó sì rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ya ẹnu," ó wí. "Bí ọ̀gá ẹ bá kí ẹ lẹ́nu ọ̀nà, má dá a lóhùn."

*

Ọ̀gá Funfun náà ò gbádùn ọjọ́ yẹn. Lọ́sàn-án, ó rí àmì búlúù kan ní kọ́là ẹ̀wù rẹ̀. Ó pààrọ̀ ẹ̀wù. Kò tó wákàtí kan, àmì yọ lára èkejì. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó yán.

Ọdún mẹ́rìnlá ni ọkùnrin yìí kò fi yán. Kò mọ ohun tó ń jẹ́ àárẹ̀. Ó wọ mọ́tò, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá Onígò.

Ìsọ̀ ìgò àlòkù ni Bàbá Onígò ń gbé, láàárín àwọn ìgò tí wọ́n tò ga ju ènìyàn lọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní nǹkan nínú. Ó gba ẹ̀wù náà, ó fi imú kan kọ́là.

"Ṣé o ti sanwó ìsinmi fún ẹnikẹ́ni?"

"Rárá, bàbá."

"Owó oṣù, bó bá di dandan, san án. Kò sí nǹkan kan nínú owó oṣù. Ìsinmi wọn ni mo fi so ó. Òun lò ń sùn, òun lò ń jẹ, òun ló wà lójú ẹ yẹn. Ọjọ́ tí ti ẹnì kan bá jáde lọ́wọ́ ẹ..." Bàbá Onígò ò parí rẹ̀. Ó tún gbóòórùn ẹ̀wù náà, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Odó," ó wí. "Obìnrin yẹn ṣì wà láyé."

Ó na ìgò ńlá kan sí i. Kó da á sínú bàsíà omi lẹ́nu ọ̀nà. Kí gbogbo òṣìṣẹ́ fọ ọwọ́ kí wọ́n tó wọlé, dé ọrùn ọwọ́. Kó sì kí ẹni tó bá ń fura sí. Ẹni tó bá dá a lóhùn, ẹnu rẹ̀ ti di tirẹ̀.

"Èló ni, bàbá?"

"San tàtẹ̀yìnwá ná," Bàbá Onígò dáhùn.

*

Fúráìdè. Búlúù dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú nǹkan dúdú yẹn lábẹ́ ahọ́n. Ó korò dé etí. Bàsíà omi wà lórí àga, Ọ̀gá Funfun dúró tì í.

"Búlúù, káàárọ̀ o. Ṣé dáadáa la jí?"

Ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa, báwo ló ṣe fẹ́ dúró níwájú àgbà kó má dáhùn ìkíni? Gbogbo ara rẹ̀ ló fẹ́ wí pé ẹ káàárọ̀, sà. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó tẹ orí ba, ó di ẹnu mú ṣinṣin.

"Mo kí ẹ," ọ̀gá tún wí. Ẹ̀rín ti kúrò lójú rẹ̀. "Kí ló ṣe ẹnu ẹ?"

Yẹ́lò tó ń fọ ọwọ́ lọ́wọ́ gbé orí sókè. "Ọ̀fun ló ń dùn ún, ọ̀gá," ó wí. "Ooru ibí yìí ni. Ó ṣe èmi náà rí."

Kò sẹ́ni tó rán an. Bóyá nǹkan kan ṣì ṣẹ́kù nínú bàbá yẹn. Ọ̀gá wo Búlúù, ó wo bàsíà, ó sì ní kó fọ ọwọ́. Ó fọ̀ ọ́. Omi náà tutù wọ egungun, ó sì dúdú díẹ̀. Ojú ọ̀gá balẹ̀, ó yà fún un. Búlúù gbé ẹsẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà, ìyá rẹ̀ kúrò lọ́kàn rẹ̀, ojú kúrò, aago mẹ́rin kúrò. Aṣọ ló kù.

Ó lọ aṣọ. Ooru kún ilé. Fáànù ń yí, kò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ó fi ìka kan ahọ́n, ó fi kan áyọ́ọ̀nù, ṣíì, ó lọ ẹ̀wù, ó ta kókó. Aṣọ aláwọ̀ ewé. Aṣọ aláràbarà. Kò sí funfun kankan, nítorí ọ̀gá ti ní kí wọ́n kó gbogbo funfun òun pa mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Aago mọ́kànlá lọ. Aago kan lọ. Ní aago méjì, ẹni tó bá wo Búlúù á rò pé ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí.

Nínú ọ́fíìsì, ọ̀gá wo dígí, ó tún rí búlúù ní kọ́là. Ẹ̀wù kẹrin nìyẹn lọ́jọ́ yẹn, onílé sì ń bọ̀ wá rí i ní aago mẹ́ta. Kì í ṣe ẹni tó lè wọ aṣọ tó ní àbààwọ́n jáde síwájú ènìyàn. Ó fi ìbínú ké sí ẹni tó wà nídìí káńtà pé kó wá nǹkan fún òun wọ̀, kíá. Ẹni yẹn fa ẹ̀wù funfun kan yọ láti inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ti rún. Ọdún mẹ́fà ni ọwọ́ rẹ̀ fi mọ ibi tí funfun tó bá rún ń lọ. Ó jù ú sórí tábìlì kejì.

Búlúù tẹ́ ẹ. Ìka kan ahọ́n, ìka kan irin, ṣíì. Ọwọ́ lọ sí kọ́là láti ta kókó, ó sì bá kókó níbẹ̀. Kókó àtijọ́, tirẹ̀. Ìka tó tutù fún itọ́ dì í mú.

Gbogbo rẹ̀ dé lẹ́ẹ̀kan. Ìyá. Ojú ọ̀tún. Fúráìdè. Ó wo ògiri: aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó wé òwú náà mọ́ ìka, ó sì fà á.

Nínú ọ́fíìsì, àga kan ṣubú.

*

Ẹ̀yìn ni Ọ̀gá Funfun fi rìn jáde. Ẹ̀yìn ọrùn ló ṣáájú, ẹsẹ̀ ń tẹ̀lé e, apá méjèèjì ń wá ibi tó máa dì mú. Báyìí ló ṣe kọjá láàárín àwọn tábìlì títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan tábìlì kejì.

"Ọ̀gá, ẹ káàsán," Búlúù wí. Ohùn rẹ̀ gbẹ, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni. "Owó mi ni mo wá gbà."

Ọ̀gá ò jiyàn. Ó ní kí ẹni ìdí káńtà gbé àpótí owó wá. Ó ka owó oṣù mẹ́rin sórí tábìlì, ó sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ ti bùṣe fún.

"Ó ku ìsinmi," Búlúù wí.

"Gbọ́, ọmọ mi." Ó rọ ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Màá sọ owó oṣù yẹn di ìlọ́po méjì. Mẹ́ta. Gbà á, kí o máa lọ. Wọ́n á fi ṣe ojú ìyá ẹ méjèèjì. Fi ìsinmi yẹn sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi."

Owó náà pọ̀. Aago mẹ́ta ti kọjá. Ilé ìwòsàn tó ìrìn ìdajì wákàtí. Kí n má parọ́, ọwọ́ Búlúù ti ń na lọ. Owó yẹn á san ojú ìyá rẹ̀ lónìí, kí wá ni ti ìsinmi? Ló bá gbójú sókè, ó rí Yẹ́lò ní tábìlì kìíní, tó ń lọ apá ẹ̀wù kan ṣáá.

"Bàbá," ó pè é, "ṣé wọ́n san owó oṣù yín fún yín?"

"Wọ́n san án," Yẹ́lò dáhùn, kò gbójú sókè. "Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wá béèrè ni wọ́n san án, ìlọ́po mẹ́ta. Ó ku díẹ̀ ni. Ó ku ti ìsinmi."

Búlúù tún wé òwú náà mọ́ ìka lẹ́ẹ̀kan sí i. "Ẹ kà á," ó wí.

Ọ̀gá jókòó sórí àga, ó kà á. Ní ogún ọjọ́, ojú rẹ̀ rọ̀. Ní ọgọ́ta, irun iwájú rẹ̀ funfun. Nígbà tó dé ọgọ́rùn-ún, ó ń yán láàárín ọ̀rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé owó ń já bọ́, Búlúù sì dúró kó ṣà á. Ọgọ́fà ó lé mẹ́fà. Nǹkan kan tú lẹ́yìn ọrùn Búlúù, ó já sílẹ̀ sórí tábìlì, òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó tutù. Kò sí ẹ̀jẹ̀.

Yẹ́lò gbé áyọ́ọ̀nù rẹ̀ dúró. Ó yán, ó yán gan-an, ó sì wo yíká bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé náà. Ó lọ síbi kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi ìka kan ahọ́n, ó wá inú kọ́là àwọn ẹ̀wù funfun lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi bá èyí tó ní òwú yẹ́lò. Ó fà á. Ọ̀gá tó fẹ́ dìde tún jókòó.

"Èmi ló kàn," Yẹ́lò wí.

Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn yòókù ti ń gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń tò.

*

Ìyá Olódó ti kìlọ̀ fún un pé kó má jókòó níbikíbi. Ìsinmi ọdún mẹ́fà ń bọ̀ wá bá a lẹ́ẹ̀kan náà, ibi tó bá sì ti bá a ló máa dá a dúró sí. Ó rìn. Gbogbo bẹ́ǹṣì ojú ọ̀nà ló dà bí ibùsùn. Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú méje ló dé ojú fèrèsé agbowó ilé ìwòsàn.

"Ẹ jókòó, mà," agbowó wí. "Ó ti rẹ̀ yín."

"Mo fẹ́ràn ìdúró," ó dáhùn, ó fi èékánná gún àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ títí wọ́n fi ka owó tán, wọ́n sì fún un ní rìsíìtì.

Ìyá Olódó wà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ nígbà tó délé. Ó gba òwú búlúù tó já lọ́rùn Búlúù náà, òun ni wọ́n jọ ṣàdéhùn pé àwọn á fi san owó iṣẹ́ rẹ̀, ó so ó mọ́ etí ìró. "Onígò máa rí mi lọ́sẹ̀ yìí," ó wí. "Ọdún mọ́kànlá." Ó ní òun ló máa mú ìyá lọ síbi iṣẹ́ abẹ lọ́la, nítorí ó dájú pé ọmọ ò ní lè lọ.

Búlúù dùbúlẹ̀ sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Ìyá fọwọ́ wá ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó wá a lẹ́ẹ̀mejì. Awọ nìkan ló bá.

"Ìgbà wo ni mo máa jí, Màámi?"

"Mi ò mọ̀, ọmọ mi."

"Ẹ̀rù ń bà mí."

Ìyá fa aṣọ bò ó dé èjìká. Ó wá pè é ní orúkọ tó sọ ọ́ nígbà tó bí i, orúkọ tí kò sẹ́ni tó fi pè é látàárọ̀ dalẹ́ fún ọdún mẹ́fà.

"Sùn," ó wí. "Tó o bá la ojú, màá ti máa wò ẹ́."